BÍ ÒGIRI BÁ LANU: Àwọn Àrùn Arí-Àyè-Wọlé Lára Ẹni Tí A Pààrọ̀ Kíndìnrín Fún



Mo júbà àwọn tí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ ìṣègùn. Mo sì júbà àwọn aláìsàn tí mo ti ara wọn kọ́ ohun tí ìwé kò kọ́ mi. Ète ìdánilẹ́kọ̀ọ́ báyìí ni pé kí olùkọ́ jáde kúrò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kí ó wá fi èdè tí ó yé tọmọdé tàgbà bá ará ìlú sọ ohun tí ó mọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní ìlú tí a sin ìwọ́ mi sí, kò pẹ́ rárá tí mo fi mọ ohun tí n ó sọ. Ìbéèrè kan wà tí wọ́n bi mí ní ìlú yìí, tí n kò sì lè dáhùn bí ó ti yẹ. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo gbé wá lónìí.

1. Ìfáárà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan gbé ní Ìperu níhìn-ín. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì jẹ́ kí ó tó mọ̀ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Fún ọdún kan àbọ̀ ni a fi ń gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà tí owó bá wà, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kò bá sí. Nígbà tí ó yá, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tí ń ta obì gbànja, ní kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú kíndìnrín òun fún un. Ẹbí ta ilẹ̀, wọ́n dá owó jọ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n dé, a jó, a yọ̀, a sì dúpẹ́.

Ní oṣù karùn-ún, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní alaalẹ́. Wọ́n tẹ̀ mí láago. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níwájú yín: èmi gan-an, tí mo jẹ́ dókítà, ni mo sọ pé kí wọ́n ra oògùn ibà fún un. Mo ń kánjú lọ sí ìpàdé kan. Ó lo oògùn náà, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó tún gbóná. Wọ́n tún oògùn rà. Wọ́n se àgbo. Wọ́n gbàdúrà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti rí i pé ikọ́ ife ni. Wọ́n fún un ní oògùn ikọ́ ife, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó rántí pé ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà yóò lé oògùn tí ń dáàbò bo kíndìnrín kúrò lára rẹ̀. Ikọ́ náà lọ, ṣùgbọ́n kíndìnrín náà kú. Ẹ̀gbọ́n padà sí ìdí ẹ̀rọ, kò sì ju ọdún méjì lọ tí ó fi fi wá sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, “Bùrọ̀dá, ṣé kíndìnrín mi ni kò dára ni?” Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́. Mo mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́.

2. Kíndìnrín àti pípààrọ̀ rẹ̀

Kíndìnrín méjì ni Ẹlẹ́dàá fi sí ẹ̀yìn wa, lábẹ́ egungun ìhà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì ni iṣẹ́ wọn rí. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, omi tí wọ́n ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ tó nǹkan bí lítà 180. Wọn a dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sínú ara, a ó sì tọ ìwọ̀n lítà kan sí méjì péré dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí ara. Ọ̀kan ṣoṣo tó ènìyàn í gbé ayé pẹ̀lú ìlera. Ìdí nìyí tí alààyè fi lè fi ọ̀kan tọrẹ.

Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954 ni Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní àṣeyọrí, ní ilé ìwòsàn Peter Bent Brigham ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Ìbejì ni ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà: Ronald Herrick ni ó fi kíndìnrín rẹ̀ kan fún Richard. Richard lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé. Ronald tí ó fúnni wà láàyè títí di ọdún 2010. Murray gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1990.

Kì í ṣe ìbejì lásán ni àwọn méjèèjì. Inú ẹyin kan ṣoṣo ni wọ́n ti wá, ara ọ̀kan kò sì lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun tirẹ̀ àti ti ìkejì. Kókó yìí kàn wá gidi. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí a ti ń bí ìbejì jù lọ ní àgbáyé, ṣùgbọ́n ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, fi hàn pé inú ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìbejì wa ti wá. Nítorí náà, Táyéwò àti Kẹ́hìndé wa lè jọ sùn nínú ikùn kan ṣoṣo, síbẹ̀ kí ara ọ̀kan ka ti ìkejì sí àlejò. Bí ìbejì bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká ti sọ ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán?

Ní orílẹ̀-èdè wa, ọdún 2000 ni a kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó. Ní ọdún 2002, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ti tẹ̀ lé wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ṣì ń gba Íńdíà lọ. Ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é, ilé ni wọn yóò padà sí. Ẹrù tí ó kù di ti àwa ará ilé.

3. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara

Ara ènìyàn dà bí ìlú olódi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ilà ojú ni a fi ń mọ ọmọ ìlú kan yàtọ̀ sí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ṣe kọ ilà, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì mọ ilà ìlú wọn. Bí wọ́n bá rí ohun tí ó kọ ilà mìíràn, wọn a lù ú ní aro, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn a pọ̀ sí i, wọn a sì dojú ìjà kọ ọ́. Ọ̀nà yìí ni a fi ń ṣẹ́gun àìmọye àrùn tí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó kàn wá rí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀ṣọ́ kò mọ ọ̀rẹ́ tí ó gbé ẹ̀bùn wá yàtọ̀ sí olè. Kíndìnrín tí àbúrò fúnni kọ ilà tirẹ̀. Bí a bá fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, wọn yóò pa á. Nítorí náà ni ẹni tí ó gbà á ṣe gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí ń dẹwọ́ ẹ̀ṣọ́, lójoojúmọ́, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn oògùn wọ̀nyí pín sí jù lọ. Àwọn kan, bíi ciclosporin àti tacrolimus, kì í jẹ́ kí aro ìjà dún. Àwọn mìíràn, bíi azathioprine àti mycophenolate, kì í jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ pọ̀ sí i. Ẹ̀kẹta ni prednisolone, tí ń paná ìbínú ara káàkiri. Ó yẹ kí ẹnu yà wá pé inú ilẹ̀ ni a ti rí méjì tí ó lágbára jù nínú wọn: ciclosporin wá láti ara ohun tí í ṣe ìbátan olú tí a ń ká nínú igbó, tí wọ́n bù pẹ̀lú erùpẹ̀ ilẹ̀ Norway, tacrolimus wá láti ara kòkòrò àìfojúrí kan nínú erùpẹ̀ Tsukuba ní ilẹ̀ Jàpáànì, ní ọdún 1984. Ọdún 1978 ni Roy Calne kọ́kọ́ lo ciclosporin fún àwọn tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún, ní Cambridge.

Kí àwọn oògùn wọ̀nyí tó dé, ìtànṣán ni àwọn dókítà kọ́kọ́ fi pa àwọn ẹ̀ṣọ́ ara run pátápátá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn aláìsàn náà ni ó kú, àrùn sì ni ó pa púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀kọ́ tí ayé kọ́ nígbà náà kò tíì yí padà. Kò sí oògùn tí ó lè sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé, “Fi àlejò yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n máa lé olè.” Bí ẹ̀ṣọ́ bá tòògbé nítorí kíndìnrín, ó tòògbé fún ikọ́ ife pẹ̀lú.

4. Àwọn àrùn arí-àyè-wọlé

Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi pe àwọn àrùn tí mo fẹ́ sọ nípa wọn ní àrùn arí-àyè-wọlé. Púpọ̀ nínú wọn ti wà nítòsí wa tipẹ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti wà nínú ara wa. Àyè ni wọn kò rí.

Àkókò ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ní oṣù kìíní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àrùn ojú ọgbẹ́, ti ọ̀nà ìtọ̀ àti ti ẹ̀dọ̀fóró ni ó wọ́pọ̀, irú èyí tí ó lè kọlu ẹnikẹ́ni tí a là níkùn. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹfà, nígbà tí agbára oògùn ti wọra tán, ni àkókò àrùn arí-àyè-wọlé gan-an. Lẹ́yìn oṣù kẹfà, bí kíndìnrín bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí a sì ti dín oògùn kù, àrùn tí ń ṣe ará àdúgbò ni yóò máa ṣe é, ṣùgbọ́n yóò le lára rẹ̀ ju tiwa lọ. Ní ilẹ̀ wa, ikọ́ ife kì í bọ̀wọ̀ fún òǹkà oṣù yìí. Ó lè dé nígbàkígbà.

Ẹ jẹ́ kí a mú díẹ̀ yẹ̀ wò. Fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní cytomegalovirus ti wọ ara ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa láti kékeré, ó sì sùn síbẹ̀. Bí ẹ̀ṣọ́ bá dẹwọ́, a jí, a sì fa ara gbígbóná, ìgbẹ́ gbuuru àti àárẹ̀ tí kò lópin. Fáírọ́ọ̀sì mìíràn, BK, gba orúkọ rẹ̀ láti ara lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ aláìsàn kan, ọmọ ilẹ̀ Sudan, tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún, tí wọ́n sì rí i nínú ìtọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1971. Inú kíndìnrín tuntun náà gan-an ni ó ti ń jà. Ọ̀nà pàtàkì tí a ní láti kojú rẹ̀ ni kí a dín oògùn tí ń dẹwọ́ ẹ̀ṣọ́ kù, èyí tí ó tún lè mú kí ara kọ kíndìnrín. Ìgbá kan ni a ń wá gbé kalẹ̀ láàárín òkúta méjì.

Pneumocystis wà pẹ̀lú, tí í kọlu ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tí a pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún wà lára àwọn tí a mọ̀ ọ́n mọ́ kí ó tó di pé, ní oṣù Kẹfà ọdún 1981, a gbọ́ pé ó kọlu àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún ní Los Angeles. Ìròyìn yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn àrùn éèdì. Ojú ihò kan náà ni aláǹgbá ń gbà wọlé, ohun tí ó la ògiri ni ó yàtọ̀. Ó dùn mọ́ni pé oògùn olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo wa mọ̀ sí Septrin ń dènà rẹ̀ bí a bá ń lò ó ní oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyí bí dókítà ti pàṣẹ.

Aràn kan wà tí a ń pè ní Strongyloides, tí í gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé lára ẹni tí ń rìn láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́. Ó ń bí sí i nínú ara láìjáde, nítorí náà ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìfi ara hàn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Jàpáànì kó lẹ́rú ní ìhà Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń gbé e kiri ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ogun. Bí ẹ̀ṣọ́ ara bá dẹwọ́, aràn yìí lè tú ká sínú ẹ̀dọ̀fóró àti gbogbo ara, kí ó sì pani. Èwo nínú wa tí a tọ́ dàgbà ní oko Rẹ́mọ ni kò rin ilẹ̀ láìwọ bàtà rí? Ṣíṣe àyẹ̀wò rẹ̀ àti lílo ivermectin ṣáájú iṣẹ́ abẹ kò wọ́n rárá ní ẹ̀gbẹ́ owó tí a ń ná.

5. Ikọ́ ife, ibà àti ọ̀rọ̀ àgbo

Ikọ́ ife, tí àwọn àgbà ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ènìyàn ayé ni kòkòrò rẹ̀ ti wọ̀ lára, tí ó sì ń sùn. Lára ẹni tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún, ó lè wá láìsí ikọ́ rárá: ara gbígbóná lálẹ́, òógùn, rírù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbí ni èdè wa ti tàn wá. Ibà ni a ń pe gbogbo ara gbígbóná. Ibà pọ́njú ni, ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, ibà ṣá ni. Nígbà tí wọ́n sì tẹ̀ mí láago pé “ibà ń ṣe é,” ọ̀rọ̀ náà ti dáhùn ìbéèrè kí n tó bi í. Òótọ́ ni pé ibà ẹ̀fọn wà, ó sì lè ṣe irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ léṣe. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ, kì í ṣe àṣà.

Àṣìṣe kejì ni ti rifampicin, olórí oògùn ikọ́ ife. Ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ máa fọ́ tacrolimus àti ciclosporin dànù kíákíá. Bí a kò bá wọn oògùn inú ẹ̀jẹ̀ léraléra kí a sì fi kún un gidigidi, tàbí kí a fi rifabutin rọ́pò rifampicin, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò jí láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n nìyẹn.

Ní ti àgbo, n kò wá bú ewé àti egbò. Ewé kò mọ dúdú mọ̀ funfun. Ní ọdún 2000, àwọn dókítà ní Zurich kọ̀wé nípa aláìsàn méjì tí wọ́n ti pààrọ̀ ọkàn fún, tí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọkàn náà nítorí ewé kan tí àwọn òyìnbó ń lò fún ìbànújẹ́ ọkàn. Ewé náà ń lé ciclosporin kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí rifampicin ti ń ṣe. Èso grépù ní tirẹ̀ ń mú kí oògùn pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ewé tí a ti yẹ̀ wò bá lè ṣe báyìí, kí ni a ó sọ nípa àgbo tí ewé mẹ́fà wà nínú rẹ̀? Agbára àgbo gan-an ni mo ń bẹ̀rù.

6. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

(i) Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, kí a yẹ ikọ́ ife, àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi B, éèdì àti aràn wò lára ẹni tí yóò gbà àti ẹni tí yóò fúnni. Kí ẹni tí yóò gbà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó yẹ ṣáájú. Lẹ́yìn náà, a kì í fún un ní àjẹsára tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, bíi ti ibà pọ́njú àti ti èéyi.

(ii) Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n 38, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó dé ilé ìwòsàn. Kí ó má ṣe di ọ̀la.

(iii) Kí ó má dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, kí ó má sì pín in sí méjì nítorí owó. Kí ó máa gbé ìwé tí orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kiri. Kí ó sì fi hàn kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní oògùn mìíràn, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe onísìn, ìbáà ṣe ìyá tí ó bí i.

(iv) Kí ó máa mu omi tí a sè. Kí wàrà tí kò kan iná má kan ẹnu rẹ̀. Kí ó wọ bàtà lọ sí oko, kí ó sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ó jìnnà sí ilé ẹyẹlé, nítorí pé inú ìgbẹ́ ẹyẹlé ni Cryptococcus ń gbé, tí í kọlu ọpọlọ.

(v) Àwa ará ilé, ẹ jẹ́ kí a gbà á láyè. Bí ó bá ní òun kò lè wá sí òkú ní ọdún kìíní, kí a má pè é ní onígbèéraga. Bí ẹni tí ń wúkọ́ bá fẹ́ lọ kí i, kí ó kí i láti ẹnu ọ̀nà.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ó wà ní ipò. Ẹbí lè ta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti ra iṣẹ́ abẹ. Kò sí ilẹ̀ tí a lè máa tà lóṣooṣù láti ra oògùn àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí a kò pèsè ìtọ́jú tí ó tẹ̀ lé e fún jẹ́ ilé tí a kọ́ tí a kò fi òrùlé sí. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Ṣágámù, ọ̀kan wà ní Ìlíṣàn, kò sí èyí tí ó jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Kí àwọn dókítà ikọ́ ife àti ti kíndìnrín máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ oògùn.

7. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti sọ pé oògùn tí ń pa kíndìnrín mọ́ ni ó ń la ògiri ara. Pé àrùn tí ń gba ibẹ̀ wọlé ti wà láyìíká wa tipẹ́. Àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a lè dènà tàbí kí a wò sàn bí a bá tètè fura. Fífura náà ni a ṣe aláìní, kì í ṣe ìfẹ́. Ẹni tí ó ra oògùn ibà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí ó se àgbo fẹ́ràn rẹ̀. Èmi tí mo dáhùn aago fẹ́ràn rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ jókòó láàárín wa níhìn-ín lónìí, ó sì gbà kí n sọ ìtàn yìí. Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Kíndìnrín rẹ dára. Ó ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi sí ara rẹ̀, ó sì ń sẹ́ omi rẹ̀ dáadáa títí di ọjọ́ tí àwa tí ó yẹ kí a ṣọ́ ọ sùn lọ. Ẹ̀bùn rẹ kò ní àbùkù. Ìṣọ́ wa ni ó ní.